Ẹ Má Dúró Kí Ken Anderson Kú Kó Tó Dère: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùdìbò Gbọ̀ngàn Ògo ní Canton

Ẹ̀yin àgbà 50 tí ẹ ń dìbò fún Pro Football Hall of Fame, Gbọ̀ngàn Ògo àwọn akọni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, ilẹ̀ Amẹ́ríkà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni, nítorí ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín ń dùn mí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2026 lẹ kéde àwọn tí ẹ yàn sínú Gbọ̀ngàn Ògo yín. Drew Brees wà níbẹ̀, Larry Fitzgerald wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Luke Kuechly, Adam Vinatieri àti Roger Craig. Mi ò bá ìkankan nínú wọn jà. Ẹni tí mo ń wá ni mi ò rí. Orúkọ Ken Anderson, quarterback Cincinnati Bengals láti 1971 sí 1986, dé iwájú yín pẹ̀lú ti àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù méjì mìíràn tí iṣẹ́ wọn ti pẹ́ sẹ́yìn. Ẹ dá a padà sílé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí yóò dé ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú: 1996, 1998, àti lọ́dún yìí. Nínú oṣù Kejì yẹn kan náà ló pé ẹni ọdún 77.

Fún ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bá wa ka lẹ́tà yìí: bọ́ọ̀lù tí à ń sọ kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n ń lò jù. Quarterback ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́ta ló ní láti pinnu ẹni tí yóò jù ú sí, bẹ́ẹ̀ àwọn géńdé tó tóbi bí ilẹ̀kùn ń sáré bọ̀ wá gbé e lulẹ̀. Ó dà bíi dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì. Èrò kún inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, òun nìkan ni wọ́n ń bú.

Ó yá, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká ka ẹ̀sùn mi ní oókan-oókan.

1. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí yín

Òdiwọ̀n kan wà tí NFL, líìgì àgbà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi ń mọ bí quarterback ṣe mọ bọ́ọ̀lù jù tó. Ó ń wo iye bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí, bí ó ṣe gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síwájú tó, iye touchdown (ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ọ̀tá) tó ti ibẹ̀ wá, àti iye èyí tí ọ̀tá já gbà. Ken Anderson ló ṣe ipò kìíní lórí òdiwọ̀n yìí ní 1974. Òun náà ni ní 1975. Ó tún padà wá gbà á ní 1981, ó sì tún gbà á ní 1982.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1978, líìgì yí òfin padà. Wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù má fọwọ́ kàn án mọ́ bí wọ́n bá ti kọjá yáàdì 5. Wọ́n tún gbà kí àwọn tó ń dáàbò bo quarterback na ọwọ́ wọn síwájú. Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù jíjù ti rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí iye yáàdì gbogbo quarterback sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀kọ tó ń hó. Òmíràn gbayì kí òfin tó yí, òmíràn gbayì lẹ́yìn tó yí. Anderson ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì ní ayé àtijọ́, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní ayé tuntun. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn líìgì yìí jù mí lọ, àwọn mélòó ló rí irú rẹ̀ ṣe?

Ní oṣù Kọkànlá 1974, ó ju bọ́ọ̀lù 22 níwájú Pittsburgh Steelers. Ogún nínú rẹ̀ dé ibi tó rán an. Steelers yẹn náà ló gba Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì, ní ìparí sáà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé aláìlera ló bá jà.

Ní 1981, ó ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 3,754, touchdown 29, mẹ́wàá péré ni ọ̀tá sì já gbà. Wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú líìgì lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fẹ́ lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Ní 1979, Bengals lo àǹfààní kẹta nínú yíyan àwọn ọmọ tuntun láti mú quarterback mìíràn, Jack Thompson, kí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ní eré àkọ́kọ́ ní 1981, nǹkan burú fún un níwájú Seattle débi pé akọ́nimọ̀ọ́gbá Forrest Gregg ní kó lọ jókòó. Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún padà sójú pápá, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Super Bowl.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù 70 àti díẹ̀ nínú 100 tó jù ló dé ọwọ́ ẹni rẹ̀. Lóòótọ́ ìyanṣẹ́lódì àwọn agbábọ́ọ̀lù gé sáà náà kù sí eré 9, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀, ọdún 27 ni àmì náà fi dúró kí ẹnikẹ́ni tó kọjá rẹ̀. Ta ló kọjá rẹ̀, ní 2009? Drew Brees. Brees tí ẹ ṣílẹ̀kùn fún wìrìwìrì lọ́dún yìí nìyẹn. Ẹ gbé ẹni tó fọ́ àmì wọlé, ẹ fi ẹni tó fi àmì lélẹ̀ sílẹ̀ níta.

2. Ẹ ti bọlá fún ọ̀gá, ẹ ti bọlá fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ kẹ́yìn

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ni Anderson ti wá, Augustana, ní Rock Island, Illinois. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà níbẹ̀. Ní 1971 ni Bengals mú un, lẹ́yìn tí wọ́n ti pe orúkọ ọmọ 66 ṣáájú tirẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí ń jẹ́ Bill Walsh wà nílé nígbà náà lábẹ́ Paul Brown, ọ̀gá àgbà Bengals, tó ń wá ọ̀nà láti fi bọ́ọ̀lù kúkúrú tó yá kánkán rọ́pò agbára. Ó rí ọmọ onímọ̀ ìṣirò yìí, ó sì fi í dá iṣẹ́ náà. Bí yóò ṣe gbẹ́sẹ̀, iye ìgbà tí yóò gbé e, ibi tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ àti ibi tí yóò lọ ṣìkejì: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe ní Cincinnati títí Walsh fi kúrò lẹ́yìn sáà 1975.

Lẹ́yìn náà ni Walsh gbé iṣẹ́ yìí dé San Francisco, ó kọ́ Joe Montana, quarterback wọn, gbogbo ayé sì pe ìlànà náà ní West Coast, ìyẹn etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. (Ohio ni wọ́n bí i o. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń pe àdìrẹ Abẹ́òkúta ní aṣọ Èkó nítorí pé Èkó la ti rí i wọ̀.) Ẹ gba Walsh wọlé ní 1993, ẹ gba Montana wọlé ní 2000. Aṣọ tí télọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n sí Anderson lára ni Montana wọ̀ lọ sóde. Ẹ ní télọ̀ mọṣẹ́, ẹ ní aṣọ yẹ Montana, ẹ wá ní ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n fi lànà.

3. Òrùka tí kò ní kì í ṣe àwáwí gidi

Èyí ni mo máa ń gbọ́ jù: “Kò gba Super Bowl.” (Òrùka ni wọ́n ń fún ẹni tó bá gbà á.) Àwọn kan tún máa ń fi kún un pé eré 91 péré ló borí tó sì pàdánù 81. Òótọ́ ni. Bengals 1978 àti 1979 borí eré 4 nínú 16 lọ́dún kọ̀ọ̀kan, Anderson náà sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé áńgẹ́lì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní 1982 bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Bengals gba San Diego Chargers lálejò ní Riverfront Stadium, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa lọ sí Super Bowl. Òtútù ọjọ́ náà jẹ́ 23 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lé e lórí. Fíríìsà tí àwọn ẹlẹ́ja wa ń kó ẹja dídì sí, ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo ló yẹ kó wà. Èyí ni pé bí wọ́n bá kó àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn sínú fíríìsà, ooru ni wọ́n gbà. Àwọn géńdé tó ń dáàbò bo Anderson bọ́ apá wọn síta láìwọ nǹkan kan, kí Chargers lè mọ̀ pé ẹ̀rù ò bà wọ́n. Bọ́ọ̀lù le bí òkúta, ọwọ́ kú. Nínú ipò yẹn ni Anderson ti ju bọ́ọ̀lù 22, tí 14 dé, tí touchdown méjì wá níbẹ̀, tí ọ̀tá ò sì já ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Dan Fouts, quarterback Chargers, fi méjì tọ́rẹ fún Bengals. 27 sí 7 ló parí sí.

Fouts ti wà nínú Gbọ̀ngàn yín láti 1993. Ó yẹ ẹ́, ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n Fouts ò dé ojú pápá Super Bowl rí láyé rẹ̀. Ẹni tó dí i lọ́nà ní ọjọ́ òtútù yẹn lẹ wá ń bi pé òrùka dà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Pontiac, Michigan, Anderson dojú kọ San Francisco 49ers. Walsh, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ti wo eré yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ìgbà mẹ́rin, inú mi ò sì tíì dùn sí apá àkọ́kọ́ rí. 20 sí òdo ni nígbà ìsinmi. Nínú gbogbo eré náà, ó jù ú fún ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe padà dé ni Anderson fúnra rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sáré wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún mọ́ ilé ọ̀tá títí ó fi ku yáàdì kan ṣoṣo, 49ers sì lé wọn padà. Ibẹ̀ ni eré náà ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Anderson tún ju touchdown méjì fún Dan Ross, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú. 26 sí 21.

Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà rèé: bọ́ọ̀lù 25 dé nínú 34, yáàdì 300. Bengals rìn yáàdì 356, 49ers rìn 275. Ẹni tó bá wo eré náà yóò mọ̀ pé yáàdì kan yẹn ló já wọn kulẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń jù ú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òrùka ni kọ́kọ́rọ́ Gbọ̀ngàn yín, báwo ni Jim Kelly ṣe wọlé, ẹni tó pàdánù Super Bowl lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Fran Tarkenton pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wà níbẹ̀. Dan Marino lọ lẹ́ẹ̀kan, ó pàdánù, ẹ gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní kí ẹ lé wọn jáde. Òfin kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n.

4. Àwọn òkú tí ẹ ń bọlá fún

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ forí jì mí bí ohùn mi bá lọ sókè.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ère idẹ orí èèyàn ni ẹ máa ń gbẹ́ fún ẹni tó bá wọ Gbọ̀ngàn yín, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àṣé àwọn òyìnbó Ohio ti gbọ́ òwe náà. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọ́n gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ken Riley bá Anderson gbá bọ́ọ̀lù nínú Bengals. Sáà 15 ló lò, láti 1969 sí 1983, ó sì já bọ́ọ̀lù 65 gbà lọ́wọ́ àwọn quarterback ọ̀tá. Ó dúró, ó dúró. Ó kú ní oṣù Kẹfà 2020. Ní 2023 lẹ wá rántí pé ó yẹ. Ọmọ rẹ̀ ló dúró lórí pèpéle ní Canton láti sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí baba sọ.

Ken Stabler, quarterback Oakland Raiders, alábàádíje Anderson ní ọdún wọ̀nyẹn, kú ní oṣù Keje 2015. Oṣù méje péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kejì 2016, ẹ dìbò yàn án. Oṣù méje! Kí ni Stabler tún ṣe nínú oṣù méje yẹn tí kò tíì ṣe ní gbogbo ọdún tó ti fi ń retí yín? Ó kú ni. Ìyẹn nìkan ló ṣe.

L. C. Greenwood ti Steelers, tí orúkọ rẹ̀ jọ wà níwájú yín pẹ̀lú ti Anderson lọ́dún yìí, ti kú láti 2013. Ẹ tún dá òun náà padà.

Anderson ṣì wà láàyè. Ó ṣì lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ: ó kàwé òfin lórí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Northern Kentucky ní 1981, ọdún kan náà tó jẹ́ ọ̀gá líìgì. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó ń ran àwọn àgbàlagbà tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè lọ́wọ́. Nígbà tí Bengals dá ọgbà ọlá tiwọn sílẹ̀ ní 2021, ẹni mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i: Paul Brown, Anthony Muñoz, Ken Riley àti òun. Ẹ ti mú mẹ́ta yòókù. Ó ku ẹyọ kan.

5. Ìbò yín fúnra rẹ̀

Díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí. Ọ̀nà tí ẹ gbà ń dìbò báyìí, àgbà agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan àti ẹnì kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ fún bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn lẹ kó sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan á mú mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ rí ìbò 40 nínú 50. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò: ìbò 150 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, 30 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó dé 40. Lọ́dún yìí, Bill Belichick, akọ́nimọ̀ọ́gbá New England Patriots tẹ́lẹ̀, àti Robert Kraft, tó ni ẹgbẹ́ náà, wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́ta. Àwọn méjèèjì tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ wọn, àti àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù wọn tó dára jù, lẹ ní kí wọ́n jọ du ìbò kan náà. Abájọ tí ẹnì kan ṣoṣo fi ti inú apẹ̀rẹ̀ yẹn wọlé ní 2025, Sterling Sharpe, tí ó sì tún jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní 2026, Craig. Belichick pàápàá ò ráyè kọjá! Bí ọ̀nà bá há tó báyìí, ẹ fẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín

Ẹ ya àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kúrò lára akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn tó ni ẹgbẹ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró fún ara rẹ̀, kí olùdìbò sọ “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lórí rẹ̀, kó tán.

Ẹ kéde iye ìbò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí. Bó bá jẹ́ pé ìbò méjì ló kù fún Anderson, ẹ jẹ́ ká mọ̀. Bó bá jẹ́ ogún, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò dìbò fún un dìde kó sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ẹ tún gbé orúkọ rẹ̀ wá fún 2027. Ẹ má ní kó lọ padà sẹ́yìn ìlà bí ẹni tó wá ra epo.

Ìbàdàn ni mo wà. Aago kan kù díẹ̀ lóru ni Super Bowl máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, iyàwó mi sì ti sọ pé bí mo bá tún pariwo lóru, inú ọgbà ni mo máa sùn. Mo ṣe tán láti sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá gbà fún Anderson, màá tún jókòó wò yín ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ẹ bá ń ṣí aṣọ lójú àwọn ère tuntun. Canton àti Cincinnati kò kúrò nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Àwọn tó wo Anderson nínú òtútù ọjọ́ yẹn lè gbéra láàárọ̀, kí wọ́n sì dé kí ó tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ kúrò lójú ère náà.

Èmi ni,
Òǹwòran yín láti Ìbàdàn